Ọmọ Tí Kò Sẹ́ni Tó Mú Un Wá

Gbogbo ọmọ tó wà nínú yàrá eré lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló ní bàtà lẹ́nu ọ̀nà, àfi ẹyọ kan.

Ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ló ṣàkíyèsí rẹ̀. Àǹtí Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ilé náà, kí ọ̀rọ̀ má baà rú yín lójú. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ló ni ín, ó sì fara ti ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Tí ọmọ kan bá ń ṣàìsàn, òun nìkan kọ́ ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Ìyá ò ní ráyè sùn, oúnjẹ á sá lẹ́nu bàbá, àwọn ọmọ yòókù á wá dà bí ẹrù tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò sọ̀ ọ́ sí. Ẹgbẹ́ náà ń fún àwọn òbí ní ibi tí wọ́n á sùn sí, ó sì ń bá wọn tọ́jú àwọn ọmọ tí ara wọn le nínú yàrá eré nísàlẹ̀, kí wọ́n lè ráyè jókòó ti èyí tó dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù lókè.

Òfin kan wà níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ di ọwọ́ ọmọ mú, kó fi lé ẹni tó mú un wá lọ́wọ́, kó ní, "Ọmọ yín rèé, ẹ gbà á." Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ kankan ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ọmọkùnrin tí kò ní bàtà yìí kì í pariwo. Ó máa ń to pákó kéékèèké léra wọn. Bí wọ́n bá sì wó, wọn kì í dún. Àpá kan wà lókè ojú rẹ̀. Tí Àǹtí Ọ̀fẹ́ bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á gbóòórùn oògùn, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí Àǹtí Ọ̀fẹ́ gbé tíì lọ fún ìyá kan lókè. Ìyá náà jókòó ti ọmọ rẹ̀ tí kò lajú látìgbà tí àìsàn ti wọ̀ ọ́ lọ́pọlọ. Rọ́bà wà nímú ọmọ náà, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Àǹtí Ọ̀fẹ́ rí àpá kan náà lókè ojú rẹ̀. Tíì dà sí i lọ́wọ́, kò mọ̀ pé ó gbóná.

"Ṣé o ti rí i rí ni?" ìyá náà bi í.

"Rárá o, mà."

Ó sáré lọ bá Màmá Kọ́kọ́rọ́, àgbà obìnrin tó jẹ́ olórí yàrá eré. Màmá náà ń ká aṣọ ìbora, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i? Ojú ẹ mà pẹ́ kó tó là o, ọmọ yunifásítì." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́ mi dáadáa. Ara ẹ̀ ló wà lókè yẹn, ẹ̀mí ẹ̀ ló wá ṣeré. Má pè é, má fọwọ́ kàn án. Tá a bá fẹ́ tilẹ̀kùn, á gun àtẹ̀gùn padà fúnra ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń gùn ún, ìrètí ń bẹ. Má ṣáà fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

"Ta ló fẹ́ wá mú un, mà?"

"Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́ kó o bi mí."

Látìgbà náà, Àǹtí Ọ̀fẹ́ kì í kúrò nídìí àtẹ̀gùn títí ọmọ náà á fi gòkè. Nígbà tó yá, àwọn nọ́ọ̀sì ní ìka ọmọ náà ti ń mira lórí ibùsùn.

Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Màmá Kọ́kọ́rọ́ ò wá síṣẹ́, àwọn òbí sì kún ẹnu ọ̀nà bámú, kálukú ń kánjú. "Ọmọ yín rèé, ẹ gbà á. Ọmọ yín rèé, ẹ gbà á." Ẹ mọ bí iṣẹ́ ṣe máa ń rí: tó bá ti mọ́ni lára, ọwọ́ á máa ṣe é, ọkàn á ti wà nílé. Obìnrin arúgbó kan nawọ́. Aṣọ tirẹ̀ gbẹ láàárín àwọn tí òjò ti pa. Ọmọ kan fẹ̀rín sẹ́nu, ó sáré wá. Àǹtí Ọ̀fẹ́ di ọwọ́ ọmọ náà mú. Ọwọ́ ọ̀hún tutù nini.

"Ọmọ yín rèé, ẹ gbà á."

"Mo ti gbà á," ni arúgbó náà wí jẹ́jẹ́.

Ìgbà tí ọmọ náà bojú wẹ̀yìn, tó rí àpá lókè ojú rẹ̀, ló tó mọ ẹni tó jẹ́. Àǹtí Ọ̀fẹ́ sáré bọ́ sínú òjò. Kò sẹ́nì kankan. Ó yí padà, ó gun àtẹ̀gùn bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Wọ́n ti yọ rọ́bà nímú ọmọ. Ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan gbá a mọ́ra. Àǹtí Ọ̀fẹ́ kúnlẹ̀ tì wọ́n. Kò mọ̀ ju kó tù wọ́n nínú lọ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń lọ. Ìyá rẹ̀ àgbà ló wá mú un."

Ìyá àgbàlagbà náà gbójú sókè.

"Ìyá àgbà wo? Èmi ni mo bí ìyá ẹ̀, mi ò sì kúrò níbí látàárọ̀. Ìyá bàbá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni."

Ìyá ọmọ di ọrùn ọwọ́ Àǹtí Ọ̀fẹ́ mú. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ.

"Ta wá lo fi ọmọ mi lé lọ́wọ́?"

Ìgbà náà ni Àǹtí Ọ̀fẹ́ rántí pé òun fi ilẹ̀kùn yàrá eré sílẹ̀ gbayawu, àwọn ọmọ kan sì ṣì kù níbẹ̀.