Wẹ́dà Tó Kó Lọ sí Òdìkejì Títì

Ọwọ́ irin àtẹ̀gùn ilé àwọn arúgbó kán ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù. Wọ́n pe wẹ́dà kan láti wá jó o pọ̀. Wẹ́dà náà kúnlẹ̀ sórí yìnyín, ó ń bá irin jà. Irin kọ̀. Ó bú u.

Luzviminda, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà, ń gbé àwo kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró. Èébú náà kì í ṣe ti àwọn òyìnbó ìlú Redvale. Èébú ilé ni, irú èyí tí àwọn apẹja Iloilo, ìlú rẹ̀ lókèèrè, fi ń bú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí kò bá jí.

"Irin ibí kì í gbọ́ èdè yẹn o," ló wí.

Ọkùnrin náà ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè. Òtútù ti sọ imú rẹ̀ di pupa. "Ta nìyẹn?"

"Ọmọ Jaro ní Iloilo ni mí."

"Ọmọ Guimaras lèmi, òdìkejì omi."

"Abájọ. Ẹ̀yin ará Guimaras, máńgòrò nìkan lẹ mọ̀."

"A mọ irin jó pẹ̀lú." Ó sọ ìbòjú kalẹ̀. Iná là. Irin sì gbà.

Edilberto lorúkọ rẹ̀, Berto ni wọ́n ń pè é. Luzviminda, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Minda, gbé kọfí gbígbóná jáde fún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ó mu ún tán, ó dúpẹ́, ó dá ife padà, ó lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ìyẹn wu Minda.

Ní ọjọ́ kejì ó tún dé, ó ń fi ọwọ́ mi irin tí kò ṣe nǹkan kan.

"Irin yẹn le dáadáa," Minda wí.

"Mo kàn ní kí n wò ó ni."

"Irin lẹ wá wò, àbí kọfí?"

Berto wolẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹni tó gbé kọfí ni."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Títì ńlá kan la Redvale sí méjì. Ìhà ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Alberta, ìhà ìlà oòrùn jẹ́ ti Saskatchewan. Ènìyàn lè ra búrẹ́dì ní ìpínlẹ̀ kan, kó jẹ ẹ́ ní ìkejì. Kò sí ẹni tó ń fi ààlà náà pè, àfi àjèjì tó ń wá ìwé ìgbélùú. Ìpínlẹ̀ ló ń fa oníṣẹ́-ọwọ́ kalẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀, pé ẹni yìí wúlò fún wa, ẹ jẹ́ kó máa gbé ọ̀dọ̀ wa. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó ń béèrè kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Saskatchewan ti fa Minda kalẹ̀. Ó kù kí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i. Ìhà Alberta ni ṣọ́ọ̀bù tí Berto ti ń ṣiṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà ló ń gbé, ó sì ń retí kí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́ tó kó lè bẹ Alberta pé kó fa òun kalẹ̀.

Ilé Bàbá Poldo, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ni Minda ń gbé ní ìhà Saskatchewan. Púlọ́ńbà ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Níbi tí wọ́n ti wá, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọbìnrin ní láti wá sin ilé ọmọ. A máa la igi, a máa pọn omi, kí àwọn àgbà lè wo apá rẹ̀ àti sùúrù rẹ̀. Nígbà tí Berto wá fi ara rẹ̀ hàn, Bàbá Poldo wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Igi kò sí níbí. Omi ń jáde lára ògiri. Ṣùgbọ́n yìnyín wà."

"Mo ti rí i, Bàbá."

"Ṣọ́bìrì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Berto bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ìdájí, kó tó lọ síbi iṣẹ́. Minda a máa gbọ́ ìró ṣọ́bìrì láti orí ibùsùn rẹ̀, ara rẹ̀ a sì balẹ̀. Ọkùnrin náà kì í kanlẹ̀kùn. Tó bá kó yìnyín tán, á lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀ dì, kò jí. Ó fẹsẹ̀ rìn wá láti òdìkejì ìlú. Nígbà tó fi dé, Bàbá Poldo ti wà níta, ó ń kó yìnyín fúnra rẹ̀.

"Ẹ wo ọkọ ìyàwó," bàbá náà wí. "Ó ti sùn gbàgbé. Bóyá kí n lọ fẹ́ ọmọ náà fúnra mi."

Berto gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ṣàlàyé, kò dárúkọ ọkọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, ó di ẹrù rẹ̀, ó sọdá títì, ó sì gba yàrá kan lábẹ́ ilé opó kan tó wà nítòsí ilé Bàbá Poldo.

"Nítorí yìnyín lo ṣe kó wá síbí?" Minda bi í.

"Nítorí yìnyín kọ́."

"Nítorí kí ni?"

"O mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kó o sọ ọ́ ni."

"Òtútù mú mi, Minda. Jẹ́ kí n wọlé."

Inú Minda dùn débi pé ó sun ẹja jóná lọ́jọ́ náà.

Inú ìyá rẹ̀ kò dùn. Màmá Consing pè láti Jaro lọ́jọ́ Àìkú kan, ohùn rẹ̀ sì kún yàrá.

"Ṣé ó ní ìwé?"

"Kò tíì ní, Màmá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìwọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní, òun kò ní. Ó wá ń kó yìnyín."

"Màmá, ẹ rọra. Ó wà níbí."

"Kó gbọ́! Ọmọ Aurelia aládùúgbò wa fẹ́ irú ẹ̀. Ọjọ́ tí ìwé ọkùnrin yẹn jáde lòun náà jáde nílé. Ìwé ni eléyìí ń fẹ́, kì í ṣe ìwọ."

Berto jókòó ti tábìlì, ìrẹsì wà níwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ àwo rẹ̀, ó gbé e sí ààyè rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀.

"Mi ò ní fi orúkọ mi sábẹ́ tìẹ. Èmi fúnra mi ni wọn yóò fà kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi yóò lọ kanlẹ̀kùn ìyá rẹ."

"Berto, tá a bá ṣègbéyàwó lónìí, wọ́n á kọ orúkọ rẹ mọ́ tèmi. Ó tán."

"Kò tán. Ohun tí ìyá rẹ sọ nìyẹn gan-an."

Minda bínú sí i. Ó tún fẹ́ràn rẹ̀ sí i. Ìṣẹ́jú kan náà ni méjèèjì.

Ìdánwò èdè òyìnbó ló kọ́kọ́ dènà rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ, ó ń kà á, ṣùgbọ́n kíkọ rẹ̀ ń pa á. Ó ṣe é, ó fìdí rẹmi. Minda wá ń kọ́ ọ lórí tábìlì ìdáná.

"Wọ́n ní kó o kọ lẹ́tà sí onílé rẹ pé òrùlé ń jò. Kí lo kọ síbí yìí?"

"Mo kọ ọ́ pé òrùlé ń jò."

"Ó tán?"

"Ó ń jò. Kí ló tún kù?"

Bàbá Poldo rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Mo máa gbà á síṣẹ́. Bí púlọ́ńbà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn."

Minda kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Ìyà ni fún un. Ó ń dé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú èéfín irin lára, á jókòó, á máa kọ̀wé nípa àwọn òrùlé tí kò rí rí, nípa àwọn aládùúgbò tó ń pariwo. Kò ráhùn. Ó padà lọ ṣe ìdánwò náà, ó sì yege. Minda fò mọ́ ọn lọ́rùn lójú títì, àwọn ọkọ̀ ń fun fèrè.

Wọ́n jọ lọ rí Halyna Petryk, obìnrin tó ń ran àwọn àjèjì lọ́wọ́ ní ìlú náà. Òun ló máa ń yẹ ọ̀ràn ènìyàn wò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀. Ó máa ń bu kéèkì fún ènìyàn kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Iṣẹ́ rẹ, ṣé títí lọ ni? Kì í ṣe ti ìgbà díẹ̀?"

"Títí lọ ni, màdáámù."

"Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ wẹ́dà?"

"Ó wà."

"Iṣẹ́ náà ti pẹ́ tó. Èdè, o yege. Ó dára gan-an, ọmọ mi." Halyna ń rẹ́rìn-ín. "Níbo lò ń gbé?"

"Lọ́dọ̀ opó kan, nítòsí ilé Bàbá Poldo."

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. "Ìhà ibí?"

"Ìhà ibí ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà òtútù."

Halyna ti àwo kéèkì sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Alberta ń fẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Alberta, tó sì ń gbé ní Alberta. O ò gbé ibẹ̀. Saskatchewan ń fẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Saskatchewan. O ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

"Ìlú kan náà ni," Minda wí. "Títì ló là á!"

"Mo mọ̀. Ìlú mi ni."

"Kí n wáṣẹ́ sí ìhà ibí?" Berto bi í.

"Ìwé iṣẹ́ rẹ, ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún nìkan ló dárúkọ. O lè kó padà sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n o ní láti tún gbé ibẹ̀ dáadáa kó o tó bẹ̀ wọ́n, ìwé iṣẹ́ rẹ yóò sì ti tán kó tó dìgbà náà." Ó wo àwọn méjèèjì. "Kí ló gbé ọ sọdá?"

Berto wo Minda, ó sì dìde.

Níta, Minda di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọkàn mi, ọ̀nà kan ṣì wà."

"Mo mọ̀ ọ́n. Rárá."

"Ṣé wàá kúkú lọ sílé?"

"Tó bá jẹ́ pé ohun tó kù nìyẹn."

"Èmi ńkọ́? Ṣé o bi mí?"

Ó dúró. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó le nu omijé lójú Minda. Ó sìn ín délé, ó sì lọ síbi iṣẹ́, nítorí pé wọ́n ń retí rẹ̀ níbẹ̀.

Minda rò ó fún Bàbá Poldo. Bàbá náà gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó dìde, ó mú fóònù, ó lọ sí yàrá ìjókòó. Minda gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìdáná.

"Consing. Èmi ni. Má dá mi dúró, mi ò lọ́rọ̀ púpọ̀. Ọmọkùnrin yẹn ti pàdánù ìwé rẹ̀."

Ohùn ìyá Minda dún lókè, kò yéni.

"Mo ní má dá mi dúró. Ìhà Alberta ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, wọn ì bá fà á kalẹ̀. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó pẹ́ dé. Ó wá kó sọdá, kó má baà pẹ́ dé mọ́."

Ó gbọ́ díẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kò mọ̀. Consing, ẹni tó ń wá ìwé mọ gbogbo òfin ìwé. Àwọn tí mo rí níbí, wọ́n mọ̀ ọ́n ju lọ́yà lọ. Eléyìí kò wò ó. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ ló ń wò."

Ohùn ìyá Minda tún dún, ó ti rọlẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ mi tán. Ṣe ohun tó bá wù ọ́." Ó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, ó sì padà sí ìdáná. "Ó ní kí àwọn òbí Berto wá," ló wí, ó sì béèrè ìrẹsì.

Bàbá Berto, apẹja, àti ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Guimaras. Wọ́n gbé ẹja gbígbẹ àti apẹ̀rẹ̀ máńgòrò dání, wọ́n sì kanlẹ̀kùn ní Jaro bí àṣà ti wí. Ní Redvale, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Minda fi fóònù ti ara ìkòkò. Òun, Berto àti Bàbá Poldo jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n ń wo yàrá Màmá Consing nínú rẹ̀.

Bàbá Berto kò jókòó. "A wá tọrọ ọmọ yín fún ọmọ wa," ló wí. "A kò ní púpọ̀. Ọmọ wa kò sì ní ìwé. Mo sọ ọ́ kí ẹ má baà ní a fi pamọ́."

Màmá Consing wọ aṣọ tó máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yíjú sí fóònù.

"Edilberto."

"Màmá."

"Mo sọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ. Létí rẹ ni mo ti sọ ọ́. Lónìí, níwájú bàbá rẹ àti ìyá rẹ, mo kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Mi ò mọ̀ ọ́ ni."

Ìyá Berto fi ọwọ́ bo ẹnu. Ní Jaro, àgbàlagbà kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ níwájú àlejò.

"Ìwé yẹn, ti ọmọ mi ni," Màmá Consing wí. "Mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kó kọ orúkọ rẹ mọ́ ọn. Kì í ṣe ìwọ lo tọrọ rẹ̀. Èmi ni mo ń fún ọ."

Gbogbo ènìyàn ń dúró. Berto wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ba Minda. Ó mọ bí orí ọkùnrin náà ṣe le tó.

"Ẹ ṣeun, Màmá," Berto wí. "Mo gbà á."

Bàbá rẹ̀ wá jókòó. Ìyá rẹ̀ ń sunkún, ó sì ń bó máńgòrò fún Màmá Consing lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú fóònù, àwọn àgbà ti gbàgbé àwọn ọmọ, wọ́n ń jiyàn lórí ọjọ́ ìgbéyàwó.

"Ṣé ó dùn ọ́?" Minda rọra bi í.

"Kò dùn mí."

"O ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀?"

Berto ronú, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ronú lórí àwọn òrùlé tó ń jò.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ló wí. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ láti ọjọ́ tó o ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí irin. Mo fẹ́ máa bá ọ gbé ní ìhà èyíkéyìí tó o bá wà. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fà á gùn jù báyìí lọ."

"Ó ti gùn tó," Bàbá Poldo wí, ó ń wá mọ́fílà rẹ̀ kiri kó má baà jẹ́ kí wọ́n rí ojú òun.