Igi Tó Léfòó Níwájú Ìgbìmọ̀

Nígbà tí omi fà tán láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹni tó bá dúró létí omi Igbó-Ẹ̀gbà yóò búra pé iṣẹ́ ti parí. Ẹrẹ̀ tó ti wà ní ìhòòhò tipẹ́ ti kún fún ewé. Igi ẹ̀gbà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, atẹ́gùn ń fẹ́ wọn lẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn Rekiyat, tó wà ní ọdún kejì ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà, kò balẹ̀ rárá, nítorí ó mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú igi wọ̀nyí kò ní gbòǹgbò.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Igbó-Ẹ̀gbà tipẹ́. Ilé ìyá àgbà Rekiyat ti wọ omi, omi sì ti ń fojú sí ilé bàbá rẹ̀ báyìí. Igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń di ẹrẹ̀ mú, wọ́n ti gé èyí tó wà létí omi dáná tán láyé ọjọ́un. Ni àwọn ìlú etíkun bá kó lára àwọn kánsílọ̀ tí wọ́n dìbò yàn jọ, wọ́n fi wọ́n ṣe Ìgbìmọ̀ Àtúnṣe Etíkun, wọ́n ní kí wọ́n dá igi padà sétí omi. Hàrúnà, àbúrò bàbá Rekiyat, tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Kánsílọ̀, wà lára wọn. Òun ló fọwọ́ sọ̀yà níbi ìpàdé pé kí wọ́n kọ́kọ́ kó irúgbìn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlú òun, tí Rekiyat jẹ́ olórí wọn. Bí irúgbìn náà bá yè, èyí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ń bọ̀ tí yóò dáàbò bo gbogbo etí ìlú. Bí kò bá yè, ìlú mìíràn ni wọn yóò kó o fún.

Wọ́n gbìn ín, ìgbìmọ̀ sì fún wọn ní oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ tó kù kò ju pé kí wọ́n máa kó ojúoró kúrò lórí irúgbìn ní gbogbo Sátidé. Àwọn èèyàn a máa gbàdúrà pé ojúoró ní í lékè omi, àwọn náà yóò lékè. Ti ọdún yìí lékè lóòótọ́, irúgbìn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Sátidé kan, bọ́ọ̀lù ni. Òmíràn, ìgbéyàwó ni. Nígbà tó yá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn kan, àwọn tó kù sì ní ṣé àwọn nìkan ni ìyà tọ́ sí ni. Kí wọ́n tó mọ̀, ojúoró ti bo irúgbìn pa, àfi díẹ̀ tó wà lápá òkè.

Ìròyìn pé ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ ló jí wọn lójú oorun. Lawrence, ẹlẹ́nu dídùn inú wọn, ló mú àbá wá: kí wọ́n gé ẹ̀ka lára àwọn igi ẹ̀gbà àgbà tó kù lẹ́yìn ìlú, kí wọ́n gún un mọ́ ẹrẹ̀. Aago mẹ́wàá ni ìgbìmọ̀ ń bọ̀, omi kò ní tíì kún nígbà náà. Wọn yóò wò, wọn yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò máa lọ. Rekiyat ní kò dára. Wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ kí ojú ti àbúrò bàbá rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Ó gbé àdá.

Ọgbọ́n náà pé, àfi ibì kan. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, wọ́n mọ ìgbà tí omi ń fà àti ìgbà tó ń kún. Ẹni tí wọn kò mọ̀ ni olóṣèlú. Ta ló sọ fún wọn pé olóṣèlú tó ní aago mẹ́wàá, aago mẹ́wàá ló ń wí? Mẹ́wàá kọjá, mọ́kànlá kọjá, omi ń wọlé bọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí ẹ̀ńjìnì ọkọ̀ ìgbìmọ̀ dún lókèèrè, ẹ̀ka àkọ́kọ́ ti dìde kúrò nínú ẹrẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sórí omi, ó ń lọ pàdé àlejò. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́, oko ti ṣí lọ pátápátá.

Ìyáàfin Ọlọ́rundáre, kánsílọ̀ tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀, nawọ́ mú ọ̀kan nínú omi. Ìtẹ́ ẹyẹ wà lórí rẹ̀. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní igi oṣù mẹ́ta tí ẹyẹ ti kọ́lé sí, òun kò rí irú rẹ̀ rí. Awakọ̀ fi fìlà bo ẹnu rẹ̀.

Bàbá Kánsílọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìgbì ọkọ̀ àwọn fúnra àwọn ló ń tu igi àwọn ọmọ náà. Àwọn kan gbà á, Lawrence sì ti ń mi orí bí alángbá. Kí Rekiyat ṣáà ti panu mọ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Ó wo ojú àbúrò bàbá rẹ̀, ó rí i pé ó gba àwọn gbọ́ tọkàntọkàn. Ìyẹn ló dùn ún wọra.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní. "Ìgbì kọ́. Àwa la gé e, àwa la gún un mọ́lẹ̀ láàárọ̀ yìí. A jẹ́ kí ojúoró pa irúgbìn tí ẹ fún wa. Bàbá Kánsílọ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Bàbá Kánsílọ̀ yíjú sí alága.

"Wọ́n dìbò yàn mí kí n lè ṣojú ìlú," ó ní, "wọn ò yàn mí kí n máa bo àṣìírí ẹbí mi. Ẹ kó irúgbìn tó kù fún ìlú tó bá kàn."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é. Rekiyat sunkún, kò sì sẹ́ni tó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó ṣí, Ìyáàfin Ọlọ́rundáre tọ́ka sí díẹ̀ tó yè lápá òkè. Ó ní èso igi ẹ̀gbà ń já bọ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìlú wọn, kí wọ́n lọ ṣà á, kí wọ́n fi tún oko náà gbìn.

"A óò padà wá," ó ní. "N kò ní í sọ ọjọ́, n kò sì ní í sọ aago."

Ẹ̀rín pa gbogbo ènìyàn, títí kan Bàbá Kánsílọ̀. Láti ìgbà náà, Sátidé kan kò kọjá kí wọ́n má wà nínú ẹrẹ̀, Lawrence gan-an ló ń lọ jí àwọn tó kù. Nígbà tí ìgbìmọ̀ sì yọ lójijì lọ́jọ́ kan, omi kún dẹ́múdẹ́mú, igi kan kò mira. Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ orúkọ Igbó-Ẹ̀gbà padà mọ́ àwọn ìlú tí irúgbìn tọ́ sí, Bàbá Kánsílọ̀ kò tilẹ̀ la ẹnu kí wọ́n tó ṣe é.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Igbó-Ẹ̀gbà kò tilẹ̀ dúró jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ̀yin ọmọ, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ tètè sọ ọ́, nítorí ẹni tó bá jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ ni wọ́n máa ń fún láyè láti tún un ṣe.