Àlùmọ́gàjí Màmá Tepaeru

Àwọn obìnrin jókòó yí aṣọ ká nílé Màmá Tepaeru ní Rarotonga, erékùṣù kan ní Òkun Pàsífíìkì, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Tívaevae, aṣọ ìbora olódòdó, ni wọ́n fẹ́ rán fún ọjọ́ tí wọn yóò gé irun ọmọ-ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọn a ká aṣọ ní ìṣẹ́po mẹ́jọ kí wọ́n tó gé e. Bí ọwọ́ bá ṣì, ó bàjẹ́ nìyẹn. Màmá ló máa ń gé e.

Àmọ́ Teuira, ọmọ rẹ̀, ti kó àlùmọ́gàjí tó fi ń gé e pamọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún Màmá ní ìlú Auckland, ó ń gbàgbé orúkọ, ó ń ṣi ìṣẹ́po kà. Wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yẹn fún Nooroa apẹja, ẹni ogójì ọdún, kò sì pẹ́ tí orí rẹ̀ fi pé. Teuira wá gbà pé ti ìyá òun ti bàjẹ́.

Ó sọ ọ́ fún Nọ́ọ̀sì Akaiti tó wá wo Màmá.

“Ṣé ẹgbẹ́ ni Màmá àti Nooroa?” Akaiti bi í.

“Iṣẹ́ abẹ kan náà ṣáà ni.”

“Ọpọlọ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti àgbà máa ń pẹ́ kó tó bọ̀ sípò, ó lè gba oṣù mélòó kan. Ìwọ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni yóò fi jí ọpọlọ rẹ̀?”

Màmá dáhùn láti orí ẹní: “Ẹ máa sọ̀rọ̀ mi lọ. Àyà mi ni wọ́n là, wọn ò gé mi létí.”

Ẹ̀rín sọ. Akaiti ní kí Màmá máa sùn dáadáa, kó máa rìn létí òkun, kó máa fi bébà gé òdòdó ná. Èyí tó kọ́kọ́ gé wọ́, ó sì bínú sí i. Ó tún òmíràn gé, ó ń gé e lójoojúmọ́ títí ó fi gún.

Nígbà tí ọjọ́ ìgérun kù díẹ̀, Teuira fi àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́. Màmá ka ìṣẹ́po, ó ṣì í. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó dúró, ó tún un kà fúnra rẹ̀, ó gé e. Wọ́n tú aṣọ: òdòdó pé, kò sí ewé kan tó já.

Lọ́jọ́ ìgérun, ọmọ jókòó láàárín tívaevae tí wọ́n ti rán náà bí ọba. Teuira ò jẹ́ kí àlejò kan kọjá láìsọ fún un pé, “Ìyá mi ló gé e.”

Ẹ má fi ọ̀dọ́ wọn àgbà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ẹ fún un ní àsìkò, jígí ojú rẹ̀, oorun, ìrìn àti iṣẹ́ tó mọ̀. Kì í ṣe gbogbo àgbà ni orí wọn ń bọ̀ sípò tán, ẹ jẹ́ kí dókítà máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí orí rẹ̀ bá ṣàdédé dàrú, tàbí ẹnu rẹ̀ wọ́, ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àmọ́ ẹ má tètè kó àlùmọ́gàjí rẹ̀ pamọ́.