Àyè Tó Wà Nínú Aṣọ

Ẹnu mi ló kó bá mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n rán aṣọ iṣẹ́ fún òun. Tíṣà ni. Mo fi téèpù yí i nídìí, àwàdà mi sì bẹ̀rẹ̀.

"Háà, Tíṣà! Téèpù mi mà fẹ́ já o!"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn bá a délé.

Nígbà tó wá gba aṣọ, ó jókòó, a sọ̀rọ̀ títí àwọn oníbàárà fi ń kọ hàà. Kí oṣù méjì tó pé, ó ti di ayọ̀ mi, èmi náà ti di Télọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ aṣọ yẹn kan náà ló ń gbé padà wá. "Télọ̀ mi, bá mi rán an wọlé sí i." Mo rán an wọlé. Ó tún gbé e wá. Inú mi tiẹ̀ ń dùn, mo ní, "O ti di pẹ́lẹ́ńgẹ́ o!" Òpè ni mí.

Tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní òun ti jẹun. Tó bá wà nílé, ó ti jẹ níbi iṣẹ́. Tó bá wà níbi iṣẹ́, ó ti jẹ nílé.

Nígbà kẹta, mo yí aṣọ náà sódì, mo rí i pé ojú ìránṣọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tòsì.

"Ayọ̀ mi, mi ò rán an wọlé mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi. "Ṣebí ìwọ lo ní téèpù ẹ fẹ́ já."

Ẹyin lohùn lóòótọ́. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi nìkan, pé ó ti pẹ́ tóun ti ń bá oúnjẹ jà. "Tí mo bá jẹun, ó ń ṣe mí bíi pé mo jalè. Ó ti rẹ̀ mí, Télọ̀ mi."

Mo ní ká lọ rí dókítà, àmọ́ ìyá rẹ̀ yarí. "Dókítà kẹ̀? Ọmọ mi ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ ni! Ìwọ, gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ ẹ!"

"Ẹ má bínú, Mà. Ẹ ṣáà bá mi di apá ẹ̀ mú."

Ìyá ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó di apá ọmọ rẹ̀ mú, egungun lásán ló bá níbẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ sọ́sibítù.

Dókítà ní àìsàn gidi ni, kì í ṣe agídí, ó sì ń gbọ́ ìtọ́jú. Ó ní ká má fipá bọ́ ọ, ká sì yé sọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ì báà ṣe ìyìn. Kò yá bọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan á dáa, òmíì á fẹ́ mú wa sọ̀rètí nù. Kò pa ọjọ́ ìtọ́jú kan jẹ. Mo gbé téèpù pamọ́ tó bá ti ń bọ̀.

Nígbà tí ìgbéyàwó wa sún mọ́lé, ojú lásán ni mo fi gé aṣọ rẹ̀. Nígbà tó yí i sódì, ó rí i pé mo fi aṣọ tó fẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìránṣọ.

"Kí lèyí?"

"Àyè ni. Bó ti wù kí ara ẹ rí, aṣọ á gbà á."

Ó nu ojú rẹ̀, ó wò mí. "Télọ̀ mi, ebi ń pa mí."

Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sọ ọ́ rí. Mo ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo lọ bu oúnjẹ fún àwa méjèèjì.