Mi Ò Ní Í Pa Á Rẹ́

"Tinúọlá, pa àwọn ẹ̀dà àtijọ́ yẹn rẹ́. Tuntun ti wà, àyè lásán ni wọ́n ń gbà."

Ọ̀gbẹ́ni Akínlolú, akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní Ìlúpéjú-Èkìtì, ló sọ bẹ́ẹ̀. Tinúọlá, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, òun ló ń ṣe ẹ̀dà fáìlì ńlá tí gbogbo ímeèlì ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀ sórí dísìkì kékeré kan. Kì í fi tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Á kọ ọjọ́ sí i lára, á sì tò ó ti àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n fáìlì tòní kéré sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Fáìlì ímeèlì a sì máa sanra sí i ni, kì í ṣàdédé joro.

Ó ṣí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá wò. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú tuntun: Akínlolú ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ kan pé àwọn àgbẹ̀ ti yọ̀ǹda ilẹ̀ oko wọn. Kò sẹ́ni tó yọ̀ǹda nǹkan kan. Ìyá Tinúọlá wà lára àwọn tó ń gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀.

Nígbà tí Akínlolú rí ohun tó ṣí, ohùn rẹ̀ rọ̀ lójijì. Ó ní òun á ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún un tó bá fẹ́ wọ yunifásítì, kó ṣáà ti pa wọ́n rẹ́.

Ọkàn ọmọ náà fà sí i, kò sí irọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ó yọ dísìkì náà, ó dìde.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò ní í pa á rẹ́."

"Bí o bá jáde báyìí, o ò ní wọbí mọ́ láé."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ifisin, ìlú kan nítòsí, ó sì fa dísìkì náà lé Ìyá Ìkẹ́olúwa, alága ẹgbẹ́, lọ́wọ́. Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ bá a wí gidigidi. Ó ní ta ló rán an tó fi ń bá àgbà figa gbága.

"Màámi, oko yín ni Ọ̀gbẹ́ni Akínlolú fi ta ilé-iṣẹ́ kan lọ́rẹ."

Ìyá rẹ̀ fa àga fún un, ó ní kó ro gbogbo rẹ̀ fún òun.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ṣèpàdé lọ́jọ́ Ajé, Akínlolú sẹ́ kanlẹ̀. Ó ṣí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì fún wọn, wọn ò sì rí lẹ́tà kankan. Ìyá Ìkẹ́olúwa wá ṣí ẹ̀dà àtijọ́, ó kà á sókè ketekete. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ akọ̀wé, wọ́n sì kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé ilẹ̀ àwọn kò sí fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ará ilé Akínlolú kì í dáhùn mọ́ bí Tinúọlá bá kí wọn. Síbẹ̀, kò fìgbà kan torí rẹ̀ yà fún wọn lọ́nà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ àtijọ́ bí tuntun tilẹ̀ dé. Bí ẹnìkan bá sì fi ẹ̀bùn bẹ̀ yín pé kí ẹ pa á rẹ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń bà á lẹ́rù níbẹ̀.