Láàpútọ́ọ̀pù Tó Ń Ya Wèrè Nílé Nìkan

Lọ́jọ́ tí aṣọ ìyàwó kan jóná ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ojú àwọn oníbàárà ni ọ̀gá télọ̀ ti nàka sí obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ó ní, "Ìwọ lo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ ẹni ẹlẹ́ni." Obìnrin náà sẹ́ títí, wọ́n lé e. Kò sẹ́ni tó gbé aṣọ tuntun fún un rán mọ́ ládùúgbò. Aṣọ yíya ló ń tún ṣe tó fi tọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo dàgbà. Kò gbàgbé. Ta ni yóò gbàgbé?

Ọmọ náà di ẹni tó ń tún láàpútọ́ọ̀pù ṣe. Ó jókòó sídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ òjò kan, ó fi eyín di sikuduráífà mú, ni ọmọbìnrin kan bá wọlé, ó gbá láàpútọ́ọ̀pù mọ́ àyà bí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ìborùn rẹ̀ ló fi wé e. Omi ń ro tótó lára òun fúnra rẹ̀. Sikuduráífà já bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà.

"Ọ̀gá, ẹ gbà mí. Olùkọ́ ni mí. Ibi pẹlẹbẹ tá a fi ń fa ọfà kiri yìí, mi ò tíì fọwọ́ kàn án tán, ọfà á ti fò lọ. Ó ti pa ìbéèrè ìdánwò mi rẹ́."

"Ó ń tètè gbọ́ ìfọwọ́kàn jù ni. Màá bá yín dín in kù."

Ó dín in kù, ọfà náà sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun níwájú ìyá ọkọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin náà ṣe délé, wèrè tún dé. Ó gbé e padà wá. Ní ṣọ́ọ̀bù, kò ṣe nǹkan kan. Ó tún gbé e wá.

"Àǹtí olùkọ́, ṣé láàpútọ́ọ̀pù yìí ló ń ṣàìsàn ni, àbí ẹ kàn fẹ́ máa rí mi?"

"Ẹ lọ wo dígí ná, kẹ́ ẹ tó bi mí nírú ìyẹn."

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì fa àga jókòó. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, wọn ò pe ara wọn ní "ẹ" mọ́.

"Ọkàn mi," ni ọmọbìnrin náà wí lọ́jọ́ kan, "tẹ̀ lé mi délé, kó o fojú ara rẹ rí i."

Ó tẹ̀ lé e. Bó ṣe yọ ṣájà kúrò lára iná, ọfà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó dá a padà sára iná, ọfà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

"Ṣájà tó o rà lójú ọ̀nà, tó ò gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù rí yìí ni. Iná rẹ̀ ò dáa. A kàn ń fìyà jẹ láàpútọ́ọ̀pù lásán ni."

Bàbá ọmọbìnrin náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ ta ni ọ́?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó sì dá ọ̀gá télọ̀ ọjọ́ náà mọ̀. "Ọmọ obìnrin tẹ́ ẹ lé torí aṣọ ìyàwó ni mí, sà."

Bàbá yí padà, ó wọ yàrá lọ.

Nígbà tí ìyá ọkùnrin náà gbọ́, ó ní, "Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ sí ìgbéyàwó yín, àfi tí bàbá rẹ̀ bá sọ òótọ́ síta."

"Ká lọ ṣe tiwa," ni ọkùnrin náà wí fún olólùfẹ́ rẹ̀.

"Rárá. Mi ò ní gba ẹ̀yìn ìyá rẹ fẹ́ ọ. Màá dúró dè ọ́, bó ti wù kó pẹ́ tó." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Jẹ́ kí n lọ bá bàbá mi."

Kò bú bàbá rẹ̀. Ó kàn wí pé, "Bàbá mi, ẹ̀yin nìkan lẹ lè fún mi lọ́kọ."

Ọ̀gá télọ̀ wá lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oníbàárà kún iwájú ilé ìyá. Àwọn ọmọ méjèèjì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́ ohùn.

Ìyá ò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ. "Ẹ gbóhùn sókè. Ẹ ò sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ́jọ́ yẹn."

Ọ̀gá télọ̀ gbóhùn sókè. "Èmi ni mo gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ ìyàwó yẹn. Ìwọ ò tiẹ̀ sí ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo jó o, mo sì purọ́ mọ́ ọ."