Ẹsẹ̀ Kejì Lórí Bíréèkì

Ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ ló gbé e wá. Oníbíréèkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọkọ̀ eré ìje kan kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Àwọ̀ eérú ni wọ́n kùn ún. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e, ó wọ aṣọ funfun àwọn dókítà, ó káwọ́ mọ́ àyà nítorí òtútù.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ mọ bíréèkì ju ẹni tó ṣe é lọ?"

"Ẹnu àwọn oníbàárà mi ló dùn. Kí ló ń ṣe é, mà? Ṣé kì í dúró ni?"

"Ó ń dúró. Táyà iwájú rẹ̀ ló ń gbóná."

"Kò sí táyà tí kì í gbóná téèyàn bá ti sáré."

"Mi ò tíì wà á," ni obìnrin náà wí. "Inú gáréèjì ló sùn. Mo ti ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Àmọ́ tí mo bá ti jí láàárọ̀, á ti gbóná bí ìgbà tẹ́nì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á dé. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Oníbíréèkì rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sáàárín irin táyà, kíá ló fà á padà. Òjò wínníwínní tó ń kán sára irin náà ń di èéfín. Ó gbé ọwọ́ kan náà lé ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ó tutù bí òkúta inú odò.

"Ẹ̀rín ti tán," ni obìnrin náà sọ jẹ́jẹ́.

Oníbíréèkì gbé ọkọ̀ náà sókè, ó tú táyà. Ó rò pé bóyá páàdì tó ń fún táyà mú kó lè dúró ló há mọ́ díìsìkì, irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí, àmọ́ nígbà tó fi àkísà yí i, ó yí wẹ́rẹ́. Ó wá yọ páàdì náà, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì rí i pé ẹnì kan ti fi ẹnu irin ya ẹyẹ kékeré kan sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń ya ẹyẹ yẹn.

Àṣá ni wọ́n ń pe ìyàwó rẹ̀ ní pápá eré ìje, nítorí bó ṣe máa ń já wọ kọ́nà. Òun ló ni ọkọ̀ yìí, pupa ni nígbà yẹn. Ó sáré ní pápá lọ́jọ́ kan, ó ní òun á bọ́ páàdì eré ìje náà tó bá di ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì, òjò ń rọ̀, òtútù mú, ó wà á lọ síbi iṣẹ́. Ó tẹ bíréèkì ní oríta, páàdì tó tutù náà kò mú, ọkọ̀ yọ̀ lọ sábẹ́ tírélà, ó sì kú síbẹ̀. Ìyá Àṣá ta ọkọ̀ tó wó náà fún oníṣòwò kan. Ó dájú pé ẹni yẹn tún ara ọkọ̀ náà ṣe, ó kùn ún, ó sì fi bíréèkì sílẹ̀ bó ṣe bá a.

"Ọ̀gá, ṣé kò sí nǹkan?" obìnrin náà béèrè.

"Kò sí," ni Oníbíréèkì wí. Ó nu ojú. "Kí lẹ fẹ́ máa fi ọkọ̀ yìí ṣe, mà?"

"Mo fẹ́ máa gbé e lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹ́ gbé e lọ sí pápá. Dókítà eyín ni mí. Láti ọjọ́ Ajé ni àwọn èèyàn ti máa ń pariwo mọ́ mi lórí. Èmi náà fẹ́ ibi tí mo ti lè pariwo."

Oníbíréèkì kò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́, Dókítà. Páàdì eré ìje ló wà níbẹ̀ yìí. Ó gbọ́dọ̀ gbóná kó tó ṣiṣẹ́. Tó bá tutù, bí ẹni ń fi pákó nu gíláàsì ni. Èyí tí wọ́n ṣe fún títì máa ń mú láti ìtẹ̀ àkọ́kọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sí pápá, ooru á pọ̀ fún un, ẹ ó kàn rí i tí ẹsẹ̀ yín ń rì lọ, ọkọ̀ ò sì ní dúró."

"Kò sí èyí tó lè ṣe méjèèjì?"

"Ó wà. Àmọ́ ẹ mọ ẹni tó bá ń lé eku méjì."

"Á pòfo."

"Ẹ ṣeun. Ẹ ra oríṣi méjì. Ti títì ni kó máa wà lára ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá dé pápá, ẹ pààrọ̀. Kẹ́ ẹ tó máa bọ̀ nílé, ẹ tún pààrọ̀."

"Bí eyín àtọwọ́dá," ni Dókítà wí. "Bàbá mi ní ti oúnjẹ, ó ní ti àlejò."

Páàdì títì tó bá ọkọ̀ náà mu wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn Oníbíréèkì gan-an. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé òun á ní láti wá a, kí Dókítà ṣì máa rọra wà á. Ó dá páàdì ẹlẹ́yẹ náà padà síbi tó wà.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ sílé Dókítà láràárọ̀, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó ń fa ooru yẹn. Dókítà á ṣí gáréèjì, Oníbíréèkì á kúnlẹ̀ síwájú táyà, á gbé ọwọ́ súnmọ́ ọn bí ẹni ń yáná. Nígbà míì á dijú. Òórùn bíréèkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ gan-an máa ń kún inú gáréèjì tí wọ́n ti tì mọ́jú náà.

Lẹ́yìn náà wọ́n á jọ mu tíì. Dókítà á sọ ti ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó sá kúrò lórí àga nígbà tó rí abẹ́rẹ́. Oníbíréèkì náà á sọ ti oníbàárà tó ní kó bá òun yọ bíréèkì ẹ̀yìn kí ọkọ̀ òun lè fúyẹ́. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán, ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í fẹ́ dìde. Dókítà ti fẹ́ràn rẹ̀. Oníbíréèkì náà ti fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn sì ń dẹ́rù bà á, nítorí kò mọ ẹni tó ń gbọ́ wọn láti inú gáréèjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Dókítà gbé ife sílẹ̀.

"Ta lo ń bọ̀ wá wò gan-an? Ṣé èmi ni àbí táyà?"

Ojú Oníbíréèkì yí sí ilẹ̀kùn gáréèjì. Dókítà dìde, ó lọ síbi iṣẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló já wọ ṣọ́ọ̀bù. Ètè rẹ̀ funfun.

"Ọkọ̀ náà wà nínú òjò láti àárọ̀. Ó ti tutù. Mo ń bọ̀ nílé, bọ́ọ̀sì dúró lójijì níwájú mi. Mo tẹ bíréèkì, kò mú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kò mú." Ó nawọ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. "Ẹnì kan wá gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi."

"Kí lo wí?"

"Ẹsẹ̀ kan wà lórí ẹsẹ̀ mi. Kò ní bàtà. Ó tutù, mo mọ̀ ọ́n lára bí àwọn ọmọ ìka rẹ̀ ṣe tẹ tèmi. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ sì dúró. Ǹ bá ti wà lábẹ́ bọ́ọ̀sì yẹn báyìí."

Oníbíréèkì jókòó sórí táyà kan. Àṣá kì í wọ bàtà wakọ̀. Ó máa ń ní òun fẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ òun gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Dókítà láìfi nǹkan kan pa mọ́: oríta, tírélà, ẹyẹ ẹ̀yìn páàdì, àti páàdì títì tó ti wà lórí pẹpẹ látọjọ́ yìí.

Dókítà wo pẹpẹ náà, ó tún wò ó.

"O mọ̀ pé páàdì yẹn lè pa mí, o sì fi í sílẹ̀ kó o lè máa yáná lára ìyàwó rẹ."

Ó jáde. Kò gbé ọkọ̀ náà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ sílé bàbá rẹ̀.

Awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá náà, kì í pariwo. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, "Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ṣì ń wa ọkọ̀, ibo lo fẹ́ jókòó sí nínú rẹ̀? Jọ̀ọ́, ọmọ mi, jìnnà sí i."

Oníbíréèkì fi kọ́kọ́rọ́ tí Dókítà fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ṣí gáréèjì rẹ̀, ó ti ọkọ̀ náà padà síbẹ̀, kò tan ẹ́ńjìnnì. Ó wá lọ bá ìyá Àṣá. Kò ní ìyá mìíràn mọ́, obìnrin náà kò sì ní ọmọ mìíràn. Ìyá gbọ́ ọ parí, ó mú ìborùn rẹ̀, ó ní, "Tí ilẹ̀ bá mọ́, mú mi lọ."

Láàárọ̀, Dókítà ló ṣí gáréèjì fún wọn. Kò kí Oníbíréèkì, àmọ́ ó kúnlẹ̀ kí Ìyá. Ìyá lọ tààrà síbi táyà iwájú, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin gbígbóná náà, kò sì gbé e kúrò.

"Ìyá, á bó yín lọ́wọ́," ni Oníbíréèkì wí.

"Kò jó mi." Omijé ń dà lójú rẹ̀. "Òun ni. Bí ara rẹ̀ ṣe ń gbóná nígbà tó wà lọ́mọdé nìyí." Ó wo Oníbíréèkì. "Kí lo ń dúró dè?"

"Tí mo bá yọ ọ́, mi ò ní rí i mọ́."

"Ṣé o ń rí i báyìí ni? Táyà lò ń rí. O rò pé ìfẹ́ rẹ ló ń mú un wá? Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó rí ọmọ ọlọ́mọ tó jókòó sórí ikú tó pa òun, ó sì ń dáná sí i láràárọ̀ kó má baà tún pa ẹlòmíì. Iṣẹ́ rẹ lọmọ mi ń bá ọ ṣe. Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè sinmi."

Oníbíréèkì tú táyà. Ó fi àkísà di páàdì gbígbóná náà mú, ó yọ ọ́. Ó ki ti títì tó gbé wá láti ṣọ́ọ̀bù bọ̀ ọ́, ọ̀tún àti òsì. Bó ṣe ń de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn, wọ́n gbọ́ tí nǹkan dún nínú ọkọ̀. Ilẹ̀kùn awakọ̀ wà ní ṣíṣí, kò sẹ́nì kankan lórí àga. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rí pẹ́dà tí wọ́n fi ń tẹ bíréèkì tó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń dán an wò. Ó dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra gòkè padà.

"Ó dáa," ni Ìyá wí, ohùn rẹ̀ kò ju mímí lọ. "Ó mú. Máa lọ, ọmọ mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, táyà náà tutù. Dókítà ló fóònù láti sọ ọ́. Oníbíréèkì bú sẹ́kún, Dókítà sì ń gbọ́ ọ, kò gbé fóònù náà sílẹ̀.

Nígbà tó ṣe, Dókítà ní, "Wọ́n ní páàdì tuntun máa ń fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà lọ́nà kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Òun àti díìsìkì gbọ́dọ̀ mọ ara wọn."

"Wá kọ́ mi."

Wọ́n gbé e lọ sí títì kan tó gùn tí ọkọ̀ kì í pọ̀ níbẹ̀. Dókítà ló wà á.

"Sáré díẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ báyìí, má jẹ́ kó dúró pátápátá. Fi í sílẹ̀. Tún sáré."

"Ṣé bó ṣe rí nìyí?"

"Bó ṣe rí nìyẹn. Má kánjú. Tí wọ́n bá kánjú mọ ara wọn, ọkọ̀ á máa gbọ̀n títí ayé."

Dókítà rọra dín eré kù, ó tún sáré, ó tún dín in kù. "Inú ṣì ń bí mi sí ọ," ni ó wí.

"Mo mọ̀, ọkàn mi. Ó tọ́ sí mi. Mi ò ní fi ohun tó lè pa ọ́ sílẹ̀ lára ọkọ̀ rẹ láé, nítorí òkú tàbí nítorí alààyè."

Dókítà tún tẹ bíréèkì, ó tún fi í sílẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń dúró kí bíréèkì náà tutù, ó fi orí ti èjìká rẹ̀.

Bàbá Dókítà ló kù. Ó ti ní òun kò fẹ́ rí Oníbíréèkì, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Ìyá nìkan ló wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ Dókítà, tí Oníbíréèkì sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá jókòó sórí àga onígi tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n ní ọkùnrin náà kò ní ìyá," ni bàbá wí. "Ta wá ni ẹ jẹ́ sí i?"

"Ìyá ìyàwó rẹ̀ tó kú ni mí."

Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. "Ẹ̀yin ló wá ń tọrọ ìyàwó fún un?"

"Èmi ni. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, kò rí ara rẹ̀ gbà là, àmọ́ ó gba ọmọ yín là. Èmi náà ò wá lọ́wọ́ òfo. Tẹ́ ẹ bá fún wa, mi ò ní pè é ní ìyàwó ọmọ. Ọmọ ni màá pè é."

Bàbá yíjú sí Dókítà. "Ẹ̀rù ò bà ọ́ mọ́ ni?"

"Ó ń bà mí, Bàbá. Àmọ́ mo fẹ́ ẹ."

Bàbá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó wá dìde kúrò lórí àga tìmùtìmù tí kò sẹ́ni tó máa ń jókòó lé àfi òun, ó sì rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Àna mi," ni ó wí, ó na ọwọ́ sí Ìyá, "ẹ dìde níbẹ̀ yẹn. Ẹ wá jókòó síbí. Kẹ́ ẹ sì ní kí ọmọ yín wọlé."